Ìjúbà Lórí Ọpọ́n: Ìtàn Ìbẹ̀rẹ̀ Eré Ṣẹ́ẹ̀sì Kan, àti Ohun tí ó Kan Àwọn Ọmọ Ìjọ́ra

Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dúró níwájú yín láti sọ̀rọ̀ lórí eré orí ọpọ́n. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣirò tilẹ̀ bi mí bóyá iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ mi ni. Iṣẹ́ kò tán. Ohun tí mo rí nínú eré yìí ni ó jọ ohun tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni: bí ènìyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ohun tí ó fẹ́ ṣe, orúkọ ẹni tí ó ń dá nígbà tí ó bá ń bẹ̀rẹ̀, àti orúkọ ẹni tí a kì í dá.

Eré náà ni èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní chess, tí àwọn ọmọdé Èkó ti sọ di ṣẹ́ẹ̀sì. Nítorí àwọn àgbà tí wọ́n mọ ayò àti dráfù dunjú ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì jókòó ti ọpọ́n yìí rí, ẹ jẹ́ kí n sọ pé ilé 64 ni ó wà lórí rẹ̀, àwọ̀ méjì, ìlà mẹ́jọ lóròó, mẹ́jọ ní ìbú. Ẹni kọ̀ọ̀kan ní ọmọ 16: ọba kan, ayaba kan, bíṣọ́ọ̀bù méjì, ẹlẹ́ṣin méjì, ilé-ìṣọ́ méjì, àti ọmọ-ogun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹni tí ó bá ká ọba ẹnìkejì rẹ̀ mọ́ ibi tí kò ti lè yẹ̀ ni ó pa á. Bí apá ẹnì kankan kò bá ká ẹnìkejì, a óò pè é ní ọ̀mì, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pè é nídìí ayò.

Ní ilẹ̀ wa, òṣèré tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣàdédé la ẹnu. Oníjàálá á júbà. Onírárà á júbà. Eléégún aláré á júbà fún ẹni tí ó kọ́ ọ àti fún àwọn tí ó ti ṣe eré náà kí wọ́n tó bí i. Àwọn kan rò pé ìwà ọmọlúàbí lásán ni èyí, pé bí ìgbà tí a ń kí ẹni tí a bá nílé ni. Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjúbà ni òṣèré fi ń fi hàn pé òun ní orísun. Bí ohùn ẹni tí kò júbà bá tilẹ̀ dùn bí oyin, àwọn àgbà tí ó jókòó yóò máa wo ara wọn lójú, wọn yóò máa béèrè pé ọmọ ta ni èyí.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìbẹ̀rẹ̀ eré ṣẹ́ẹ̀sì rí láàárín àwọn tí ń díje. Ìṣípò mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́ kì í sábà jẹ́ ohun tí ẹni tí ń ta á ṣẹ̀ṣẹ̀ rò. Ó ti kà á nínú ìwé, ó ti mọ ibi tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan já sí, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sì ní orúkọ. Ní 1561, àlùfáà ará Sípéènì kan, Ruy López, tẹ ìwé jáde lórí eré yìí. Láti ìgbà náà títí di òní, ẹni tí ó bá gbé bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí ibi tí àlùfáà náà yàn, orúkọ rẹ̀ ni ó ń dá, ìbáà jẹ́ ní Moscow, ìbáà jẹ́ ní abẹ́ afárá Ìjọ́ra. Ó lè máà mọ̀ pé òun ń júbà. Ìjúbà náà ni síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìjúbà wa máa ń dárúkọ ènìyàn, ó máa ń dárúkọ bàbá rẹ̀ pẹ̀lú. Nínú ìwé ṣẹ́ẹ̀sì, àwọn ìbẹ̀rẹ̀ kan wà tí orúkọ wọn kì í ṣe orúkọ ènìyàn kankan, orúkọ ilẹ̀ lásán ni. Ọ̀kan nínú wọn ni mo fẹ́ tọpasẹ̀ rẹ̀ lónìí, èyí tí wọ́n ń pè ní ìgbèjà Íńdíà.

Láàárín ọdún 1848 sí nǹkan bí 1860, agbẹjọ́rò ọmọ Scotland kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ John Cochrane wà ní ìlú Calcutta. Ọ̀gá ni nínú eré ṣẹ́ẹ̀sì. Ó gbọ́ pé ọkùnrin kan wà ní ìgbèríko, ọmọ Bengal, tí ẹnikẹ́ni kò tíì pa rí, ó sì ránṣẹ́ pè é. Moheschunder Bannerjee ni orúkọ ọkùnrin náà. Àwọn méjèèjì ta ọ̀pọ̀lọpọ̀ eré papọ̀, Cochrane sì ń kọ wọ́n sílẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ tuntun lójú àwọn ará Yúróòpù ni bí Moheschunder ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn tiwọn a máa sáré gbé ẹlẹ́sẹ̀ méjì sí àárín ọpọ́n. Òun kò sáré. Á gbé ẹlẹ́sẹ̀ tí ó wà níwájú ẹlẹ́ṣin rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo, á fi bíṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀yìn rẹ̀, á sì jẹ́ kí bíṣọ́ọ̀bù náà máa wo gbogbo ọpọ́n láti igun bí ọdẹ tí ó gun ègùn.

Níbo ni ó ti rí i? Inú eré ilé rẹ̀ ni. Nínú ṣẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń ta ní Íńdíà nígbà náà, ẹlẹ́sẹ̀ kì í gbé ìgbésẹ̀ méjì rárá. Ọ̀kan ṣoṣo ni òfin gbà. Ẹni tí ó bá dàgbà sínú òfin báyìí yóò kọ́ sùúrù. Ohun tí ó dà bí àìmọ̀kan lójú àwọn tí ó ka ìwé Yúróòpù jẹ́ ìmọ̀ àtọwọ́dọ́wọ́ ibòmíràn. Nígbà tí ó sì yá tí àwọn ọ̀gá Yúróòpù fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí ta á báyìí, tí wọ́n wá orúkọ fún un, ti Íńdíà ni wọ́n sọ ọ́. Wọn kò sọ ọ́ ní ti Moheschunder. Bí Cochrane kò bá kọ àwọn eré náà sílẹ̀, à bá má tilẹ̀ mọ̀ pé a bí ọkùnrin náà.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a kánjú bínú sí wọn. Àwa náà ńkọ́? Ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, àwọn àgbà àdúgbò mi máa ń ta ayò ní ìrọ̀lẹ́, ilé 12, ọmọ 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ọ̀ta kan wà láàárín wọn tí àwọn òpè kì í fẹ́ bá jókòó. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ó ní ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, ilé tí ó máa ń kọ́kọ́ tú, àti bí ó ṣe ń kó ọmọ jọ sí odù rẹ̀ títí ọwọ́ yóò fi há ẹnìkejì. Ó kú, ó gbé e lọ. Kì í ṣe àṣà wa láti máa kọ títa ayò sílẹ̀ ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Wíwò ni a fi ń kọ́ ọ, bí kò bá sì sí ẹni tí ó ń wò mọ́, ó parí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò sọ pé kí àwọn ọmọ wa padà sí ìdí ayò kí wọ́n fi eré òyìnbó sílẹ̀. Eré òyìnbó kọ́. Íńdíà ni àwọn onímọ̀ ti tọpasẹ̀ rẹ̀, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà. Ibẹ̀ ni ó gbà dé Páṣíà, ó gba ọwọ́ àwọn Lárúbáwá kí ó tó dé Yúróòpù. Ìjòyè tí ń gba ọba nímọ̀ràn ni ayaba orí ọpọ́n jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó di obìnrin ní Yúróòpù, ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún ni ó sì tó gba agbára tí ó ní lónìí. Ẹni tí ó bá ní òun fẹ́ dá a padà fún ẹni tí ó ni ín, ọ̀nà rẹ̀ yóò jìn.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé orí eré náà gan-an. Ní òpin oṣù Kejìlá ọdún 1930, wọ́n ṣe ìdíje ọdọọdún ti Hastings ní etíkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. José Raúl Capablanca, ọmọ Kúbà, wà níbẹ̀. Òun ni ó gba ipò àkọ́kọ́ ní gbogbo àgbáyé láti 1921 títí di 1927, àwọn ènìyàn sì gbà pé kì í ṣe ẹni tí ó rọrùn láti pa. Ẹni tí ó jókòó níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí ni Mir Sultan Khan, ọmọ agbègbè Punjab. Sir Umar Hayat Khan, ìjòyè ńlá kan tí ó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ni ó mú un wá sí London ní 1929. Ọdún náà gan-an ni ó gba ipò àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tún gbà á ní 1932 àti 1933. Àwọn òǹkọ̀wé Yúróòpù pè é ní ìránṣẹ́, àwọn kan pè é ní ẹrú, wọ́n ní kò mọ ìwé. Àwọn àtọmọdọ́mọ rẹ̀ ti jiyàn sí èyí ní gbangba ní àkókò tiwa yìí, mo sì rò pé ó yẹ kí a gbọ́ tiwọn. Ohun tí kò ní àríyànjiyàn ni pé òfin Íńdíà ni ó kọ́kọ́ fi kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì, àti pé kò mọ ìwé ìbẹ̀rẹ̀ bí àwọn alátakò rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n. Gbogbo ẹni tí ó kọ̀wé nípa rẹ̀ ni ó sọ pé ìbẹ̀rẹ̀ ni àléébù rẹ̀. Bí ó bá ti la ibẹ̀ kọjá, àwọn ọ̀gá a bẹ̀rẹ̀ sí làágùn.

Sultan Khan ni ó di ọmọ funfun mú. Ó gbé ẹlẹ́ṣin kan jáde, ó fi ẹlẹ́sẹ̀ méjì sí àárín, ó gbé ẹlẹ́ṣin kejì. Capablanca dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn ìgbèjà Íńdíà, èyí tí ó wà ní ìhà ayaba: ẹlẹ́sẹ̀ kan ní ìgbésẹ̀ kan, bíṣọ́ọ̀bù ní ẹ̀yìn rẹ̀, tí ń wo ọpọ́n láti igun. Ẹ kíyè sí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ Kúbà ni ó ń júbà fún ọmọ Bengal tí kò mọ orúkọ rẹ̀, ọmọ Punjab tí ilé rẹ̀ sún mọ́ orísun náà ju tirẹ̀ lọ ni ó sì ń ta á lò.

Ní ìṣípò karùn-ún, Sultan Khan mú ẹlẹ́sẹ̀ tí ó wà ní eteetí ọpọ́n lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ó gbé e ní ìgbésẹ̀ kan. Nínú ìlànà tí wọ́n fi ń kọ eré sílẹ̀, a3 ni wọ́n ń pè é. Kò gbé ọmọ ńlá kankan jáde, kò gba ilẹ̀ ní àárín. Ìwé kọ́ni pé kí a má fi ìbẹ̀rẹ̀ ṣòfò lórí irú èyí. Ṣùgbọ́n ó ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Bíṣọ́ọ̀bù dúdú kejì kò ní ibi tí yóò ti wá dè ẹlẹ́ṣin funfun mọ́lẹ̀ mọ́, agbára funfun ní àárín ọpọ́n sì dúró. Sùúrù ẹni tí a tọ́ nínú òfin ìgbésẹ̀ kan ni mo rí níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tí ó mọ eré yìí jù mí lọ lè sọ pé mo ń ka lítíréṣọ̀ sínú ohun tí kì í ṣe lítíréṣọ̀.

Eré náà le. Àwọn ilé-ìṣọ́ Capablanca méjèèjì já wọ ẹ̀yìn ilé funfun ní ìṣípò 21 àti 22, ó dà bí ẹni pé ó ti tán. Sultan Khan jẹ́ kí ayaba rẹ̀ lọ, ó sì gba ilé-ìṣọ́ méjèèjì dípò rẹ̀. Láti ibẹ̀, ayaba dúdú wà lórí ọpọ́n tí ọ̀nà ti dí, kò rí ibi gbà. Ó ń rìn sókè sódò títí ìṣípò 65, nígbà tí Capablanca jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Max Euwe, ọmọ ilẹ̀ Holland, ni ó gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje náà, Capablanca ṣe ìkejì, Sultan Khan ṣe ìkẹta. Capablanca fúnra rẹ̀ kọ ọ́ lẹ́yìn náà pé ẹ̀bùn ọkùnrin yìí kọjá ti ènìyàn lásán.

Sultan Khan padà sílé pẹ̀lú Sir Umar lẹ́yìn ìdíje ọdún 1933. Kò padà wá díje ní Yúróòpù mọ́. Ó kú ní 1966. Ìgbìmọ̀ àgbáyé tí ń darí eré náà, FIDE, fún un ní oyè ọ̀gá àgbà ní 2024, ọdún 58 lẹ́yìn tí a ti sin ín.

Ìṣípò a3 yẹn ńkọ́? Lónìí, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí ó gbajúmọ̀ jù lọ láti kojú ìgbèjà Íńdíà ní ìhà ayaba ni. Tigran Petrosian, ẹni tí ó gba ipò àkọ́kọ́ ní àgbáyé láti 1963 títí di 1969, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é. Garry Kasparov náà lò ó púpọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn mìíràn sì so orúkọ tirẹ̀ mọ́ ọn. Petrosian kò tíì pé ọmọ ọdún méjì nígbà tí wọ́n ta eré ti Hastings. N kò sọ pé Petrosian jalè. Ó ta á léraléra, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sọ ọ́ di ohun tí ẹlòmíràn lè kọ́. Èyí ni ó ń sọ ìṣípò di ìbẹ̀rẹ̀. Sultan Khan kò ní ọmọ ẹ̀kọ́, kò kọ ìwé, kò sì dúró pẹ́. Bí kì í bá ṣe pé àwọn tí ó ṣètò ìdíje Hastings pa àkọsílẹ̀ mọ́, n kì bá tí rí nǹkan kan sọ fún yín nípa ìṣípò karùn-ún rẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan wá ní Èkó. Ẹ ti gbọ́ nípa Túndé Ọnàkọ̀yà, ẹni tí ó kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Ìkòròdú, tí ó kàwé ní Yaba College of Technology, tí ó sì dá ẹgbẹ́ Chess in Slums Africa sílẹ̀ ní 2018. Ẹgbẹ́ náà gbé ọpọ́n lọ sí Màkókó lórí omi, ó gbé e lọ sí abẹ́ afárá Òṣòdì ní 2021, láàárín àwọn ọmọ tí kò nílé. Ní oṣù Kẹrin 2024 ó ta ṣẹ́ẹ̀sì fún wákàtí 60 ní Times Square ní New York, láti kó owó jọ fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé. Ní oṣù Kẹrin 2025, òun àti Shawn Martinez, ọmọ Amẹ́ríkà, ta á fún wákàtí 64. Ṣáájú rẹ̀ pàápàá, Odion Aikhoje ti gba wúrà lórí ọpọ́n kejì fún Nàìjíríà ní ìdíje àgbáyé ti Elista ní 1998. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó tún lè sọ pé ọmọ wa kò lè ta á.

Ìbéèrè tèmi yàtọ̀. Eré àwọn ọmọ wọ̀nyí, níbo ni ó wà? Òfin FIDE ní kí ẹni tí ń díje nínú eré alákòókò gígùn máa kọ ìṣípò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ti ara rẹ̀ àti ti alátakò rẹ̀. Nínú eré kíákíá kò pọn dandan. Eré kíákíá ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn ọmọ àdúgbò wa ń ta, nítorí ọpọ́n kò tó, ilẹ̀ a sì tètè ṣú. Wọ́n á tò ó, wọ́n á ta á, wọ́n á tún un tò, ó ti lọ.

Ìjọ́ra sì mọ ohun tí ń jẹ́ kí nǹkan lọ. Ilẹ̀ Ọjọ́ra ni, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè Ìdẹ́jọ tí wọ́n tọ ìran wọn dé ọ̀dọ̀ Olófin. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ mànàmáná sí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1923. Ní 1973 ìjọba àpapọ̀ gba abúlé Olúwọlé ní Ìgànmú láti kọ́ National Theatre, wọ́n sì kó àwọn kan nínú àwọn ará abúlé náà wá sí Bàdíà. Wọ́n ṣí ilé ìṣeré náà ní 1976, FESTAC sì wáyé ní 1977. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì 2013, wọ́n wó apá kan nínú Bàdíà. Amnesty International ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ènìyàn 9,000 ni ó pàdánù ilé. Láti 2024 ni wọ́n ti ń fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pe ilé ìṣeré náà. Ó tọ́ sí i, n kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi jiyàn lórí rẹ̀; ṣùgbọ́n Olúwọlé ni orúkọ ọ̀gá wa náà ní kíkún, Olúwọlé ni abúlé náà ń jẹ́. Orúkọ ti padà sórí ilẹ̀ náà. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò padà.

Ní Sátidé kan ní ọdún tí ó kọjá, mo jókòó ti àwọn ọmọ kan tí ń ta ṣẹ́ẹ̀sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá. Ọmọbìnrin kan di dúdú mú. Ẹnìkejì gbé ẹlẹ́sẹ̀ ọba rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ méjì. Ọmọ náà kò wo àárín ọpọ́n. Ó gbé ẹlẹ́sẹ̀ iwájú ẹlẹ́ṣin rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kan, ó fi bíṣọ́ọ̀bù sẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń kọ́ wọn mi orí, ó ní ojoojúmọ́ ni òun ń sọ fún un pé kí ó jáde sí àárín. Mo fa ìwé yọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́.

Ọ̀mì ni ó já sí. Mo bi í pé ta ni ó kọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ yẹn.

“Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, sà. Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyẹn.”

Mo sọ fún un pé ó ní orúkọ, pé ti Owen ni wọ́n ń pè é, àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó fi pa Paul Morphy, akọni ọmọ Amẹ́ríkà, ní 1858.

Ó rò ó díẹ̀. “Ṣé kò sẹ́ni tó kọ́ òun náà ni?”

Mo fún un ní ìwé àti bírò pé kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sókè, kí ó kọ ọjọ́ òní sí i. Ó kọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì béèrè bóyá kí òun kọ àdúgbò òun pẹ̀lú. Mo ní kí ó kọ ọ́. Ó kọ Bàdíà.